Ẹsẹ̀ Qiu Jin

Bàtà ni mo ń ṣe jẹun n'Ìbàdàn, ẹsẹ̀ sì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò lára èèyàn. Bí wọ́n bá ń sọ bí ìjọba ṣe yí padà ní Ṣáínà, orúkọ Sun Yat-sen àti Mao la máa ń gbọ́. Èmi fẹ́ sọ ti Qiu Jin, obìnrin tí wọ́n ti di ẹsẹ̀ rẹ̀ láti kékeré.

Láyé ìgbà yẹn ní Ṣáínà, ọmọbìnrin bí ọdún márùn-ún, mẹ́fà, ni wọ́n máa ń fi aṣọ gbọọrọ wé ẹsẹ̀ fún. Wọ́n á ká ọmọ ìka mẹ́rin sábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, egungun á ṣẹ́, àtàǹpàkò nìkan láá yọ síwájú. Ìyá ọmọ ló sábà máa ń wé e fúnra rẹ̀, kí ọmọ lè rí ọkọ gidi fẹ́. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gbà pé ó rẹwà jù kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n lórí tábìlì iṣẹ́ mi: bàtà ọmọ tí kò tíì rìn là ń ṣe sí ìwọ̀n yẹn. Inú mi bàjẹ́ gidigidi.

Shaoxing, ní ìpínlẹ̀ Zhejiang, ni ilé bàbá Qiu Jin. Ó mọ̀wé, ó ń kọ ewì, ó mọ ẹṣin gùn, ó mọ idà lò. Wọ́n fi í fún ọmọ olówó kan ní Hunan, ó sì bímọ méjì. Nígbà tí wọ́n kó lọ sí Beijing, ìlú tí ọmọ ogun òkèèrè ti gbà ní 1900 ló bá, pẹ̀lú ìjọba Qing, ìdílé ọba tó ń ṣàkóso Ṣáínà, tí kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1904 ó ta ohun ọ̀ṣọ́ rẹ̀, ó fi ọkọ àtọmọ sílẹ̀, ó gba Jàpáánì lọ. Ó tú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Egungun tó ti ṣẹ́, tó sì ti jinná sódì, kì í padà sípò rẹ̀. Ìrora ni títú náà. Síbẹ̀, ó tú u.

Ní 1905, Sun Yat-sen dá ẹgbẹ́ Tongmenghui sílẹ̀ ní Tokyo láti lé ìdílé Qing kúrò lórí oyè. Qiu Jin wọ ẹgbẹ́ náà. Nígbà tó padà délé, ó dá ìwé ìròyìn àwọn obìnrin sílẹ̀ ní Shanghai ní 1907, ẹ̀dà méjì péré ló jáde. Ohun tó ń bẹ àwọn obìnrin níbẹ̀ ni pé kí wọ́n kàwé, kí wọ́n kọ́ṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n lè bọ́ ara wọn. Ó kọ ọ́ ní èdè ojoojúmọ́ kí ẹni tí ìwé rẹ̀ kò jinlẹ̀ lè kà á. Lójú tirẹ̀, ìdè orílẹ̀-èdè àti ìdè ẹsẹ̀ obìnrin, ìdè kan náà ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ó wá di olórí ilé ẹ̀kọ́ Datong ní Shaoxing, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ogun jíjà lábẹ́lẹ̀. Ní July 1907, Xu Xilin, tí òun àti Qiu Jin jọ ń pète ọ̀tẹ̀ sí ìjọba, pa gómìnà Anhui, àṣírí sì tú. Wọ́n ní kí Qiu Jin sá, kò sá. Ní òwúrọ̀ July 15, wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní ìgboro Shaoxing. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin, Wu Zhiying àti Xu Zihua, ló sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Adágún Ìwọ̀-Oòrùn ní Hangzhou, nígbà tí ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn dárúkọ rẹ̀. Ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n wó sàréè náà.

Ìdílé Qing ṣubú ní February 1912. Ní March, Sun Yat-sen, tó jẹ́ ààrẹ fúngbà díẹ̀ nígbà náà, fòfin de ẹsẹ̀ dídì. Ó dára. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kan náà, òfin ìpìlẹ̀ tuntun jáde láìsọ pé obìnrin àti ọkùnrin dọ́gba. Tang Qunying, tí òun náà wà nínú Tongmenghui, kó àwọn obìnrin lọ sí ilé aṣòfin ní Nanjing, wọ́n fọ́ fèrèsé. Ní August, Tongmenghui dara pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn láti di ẹgbẹ́ òṣèlú Guomindang, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ pé obìnrin àti ọkùnrin dọ́gba kúrò nínú ètò ẹgbẹ́ kí àwọn yòókù lè gbà. Tang Qunying lọ bá Song Jiaoren, ọ̀kan nínú àwọn olórí tó ṣètò rẹ̀, níwájú gbogbo ìpàdé, ó sì gbá a létí. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, mi ò ní dá a dúró.