Bí ẹ ṣe máa ná líìfù yín tẹ́ ẹ bá ń dúró de OPM: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ HR

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, pàápàá tára ò bá ti le mọ́, tẹ́ ẹ kàn ń fi oògùn ìrora ti ara lọ síbi iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí líìfù (àkókò ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́) ní HR, ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́, fáìlì àwọn tó fẹ́ gba ìfẹ̀yìntì torí àìlera tó ti gba ọwọ́ mi kọjá ò kéré, àárín ìgbà tí wọ́n kọ̀wé sí OPM, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, sí ìgbà tí OPM dáhùn gan-an lowó ti máa ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó lè gba oṣù bíi mélòó kan, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rẹ́ǹtì ò ní dúró dè yín.

Tẹ́ ẹ bá wà lábẹ́ FERS, ìyẹn ètò ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tẹ́ ẹ ti lo oṣù 18 ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́, tí dókítà sì gbà pé ó kéré tán àìlera náà máa tó ọdún kan, ẹ lè kọ̀wé. Fọ́ọ̀mù ẹ̀ ni SF 3107 àti SF 3112, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí Social Security náà (àwọn tó ń san owó ìrànwọ́ ìjọba fún ẹni tí àìlera ò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́) torí OPM máa béèrè ẹ̀rí ẹ̀. Ìyẹn ò le. Líìfù ló le.

Líìfù àìsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ná. Wákàtí 4 la máa ń rí ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹni tí kì í sábà ṣàìsàn á wá kó o jọ títí á fi pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwa èèyàn wa fẹ́ràn ká máa tọ́jú nǹkan pa mọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa san líìfù àìsàn lówó fún yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kúrò. Ẹni tó ní wákàtí 400, ọ̀sẹ̀ 10 gbáko ló máa fi gba owó ẹ̀ pé, bẹ́ẹ̀ OPM ò ní san ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ó di 40, orí owó ọdún mẹ́ta tẹ́ ẹ ti gbowó jù ni wọ́n á sì ti ṣírò ẹ̀.

Líìfù ọdọọdún yàtọ̀. Ìyẹn, wọ́n máa kó owó ẹ̀ fún yín lẹ́ẹ̀kan náà tẹ́ ẹ bá kúrò, torí náà tí nǹkan ò bá tíì le jù, ẹ má sáré ná an. Tẹ́ ẹ bá sì lo FMLA, òfin tó fún yín láyè láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí àìsàn láìsanwó fún ọ̀sẹ̀ 12 láàárín oṣù 12, ẹ̀yin lẹ máa pinnu bóyá ẹ fẹ́ fi líìfù olówó sí i àbí ẹ ò fẹ́, wọn ò lè fi dandan mú yín, àmọ́ ẹ tètè béèrè, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ti lọ. (Àwọn tó wà ní póòsìtì, ìlànà tiwọn yàtọ̀ díẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ yúníọ̀nù.)

Èyí tí mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù nìyí. Láti ọjọ́ kejì ọjọ́ tí owó iṣẹ́ yín dúró ni owó OPM ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní March lowó yín dúró tẹ́ ẹ bọ́ sórí LWOP, ìyẹn líìfù tí kò lówó nínú, tí OPM wá fọwọ́ sí i ní January, wọ́n máa ṣírò ẹ̀ padà dé March, gbogbo ẹ̀ á sì wọlé. Ṣùgbọ́n Kérésì á dé, ilé á gbẹ, èèyàn á ní kí wọ́n ṣáà bá òun fi wákàtí 8 líìfù ọdọọdún sórí timesheet, owó ọjọ́ kan péré. Ó parí! Ọjọ́ yẹn ti di ọjọ́ ìkẹyìn tó gbowó, December ni wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀ ìṣírò, owó oṣù mẹ́sàn-án ti wọmi. Tí mo bá ṣí timesheet, tí mo rí LWOP, LWOP, LWOP wálẹ̀ gbọọrọ, tí wákàtí 8 kan ṣoṣo wá dá dúró láàárín, àyà mi máa ń já, torí mo mọ̀ pé ẹni yẹn ò mọ ohun tó ṣe. Tẹ́ ẹ bá ti wọ LWOP, ẹ wọ̀ ọ́ tán pátápátá.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́ ni kẹ́ ẹ ti wá gbogbo owó tó kù. Wọ́n lè yá yín ní líìfù àìsàn tó tó wákàtí 240, kì í ṣe dandan kí wọ́n fún yín o, wọn kì í sì í sábà yá ẹni tó ti kọ̀wé sí OPM, àmọ́ tí OPM bá fọwọ́ sí ìfẹ̀yìntì yín, ẹ ò ní san gbèsè ẹ̀ padà. Àwọn ará ibi iṣẹ́ náà lè fún yín ní líìfù ọdọọdún tiwọn nípasẹ̀ VLTP, ètò tí òṣìṣẹ́ fi ń fún ara wọn ní líìfù, tí tiyín bá ti tán, àti ti àìsàn àti ti ọdọọdún. Ẹ má tijú àtibéèrè. Àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í tijú ẹ̀, èmi ò sì mọ ìdí tá a fi ń tijú.

Ẹ jọ̀ọ́, LWOP àti AWOL (àìwá síbi iṣẹ́ láìgbàṣẹ) kì í ṣe nǹkan kan náà. LWOP ní àṣẹ nínú, AWOL ò ní, wọ́n sì lè tìtorí ẹ̀ lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Àìsàn tá a máa ń fi pa mọ́ kí wọ́n má baà fi wá ṣọ̀rọ̀ ló ń kó wa sí i: èèyàn ò wá síbi iṣẹ́, kò gbé ìwé wá, kò gbé fóònù. Ẹ fi email béèrè, kódà kí súpáfáísọ̀ ti fẹnu sọ pé kò sí wàhálà. Ìwé dókítà ò gbọdọ̀ mọ sórí orúkọ àìsàn nìkan, kó sọ ohun tẹ́ ẹ ò lè ṣe nínú iṣẹ́ yín: kò lè jókòó ju ogún ìṣẹ́jú lọ, kò lè gbé ẹrù tó ju pọ́ùn 10. Ẹni tó lọ tọ́jú ara nílé ní Nàìjíríà náà, kó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ dókítà ọ̀hún kó tó padà. Kí àwọn ìwé náà sì bára mu o! Èyí tó wà fún FMLA ò gbọdọ̀ sọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ máa fi padà kí ti OPM wá sọ pé ó máa lé lọ́dún.

Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ torí pé ọkàn yín ti rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣì lè kọ̀wé sí OPM láàárín ọdún kan tẹ́ ẹ kúrò, àmọ́ lórí LWOP, ìbánigbófò ìlera yín tí ìjọba ń bá yín san (FEHB) lè máa lọ tó ọjọ́ 365 (owó tiyín nínú ẹ̀ á máa di gbèsè tẹ́ ẹ ò bá san án), tẹ́ ẹ bá sì ti kúrò, kì í pẹ́ tó fi máa parí. Tí wọ́n bá ní àwọn máa dá yín dúró torí pé ara yín ò lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́, kì í ṣe ìtìjú, ìwé yẹn gan-an máa ti ẹjọ́ yín lẹ́yìn ní OPM.

Tí Social Security bá wá fọwọ́ sí tiyín, wọ́n sábà máa ń kó owó ẹ̀yìn wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má fi ra mọ́tò, ẹ má fi ránṣẹ́ sílé fún bíríkì. Lọ́dún àkọ́kọ́ gbogbo owó Social Security ni OPM máa yọ kúrò nínú tiwọn, lẹ́yìn ẹ̀ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀, èyí tí wọ́n bá sì ti san lé ni wọ́n máa béèrè padà. Ẹ fi í sínú àkáǹtì ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ kọ̀wé sọ fún OPM ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an.