A Ò Fa Òwú Náà: Ẹ Bá Mi Dúpẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbé ọpẹ́ fún Ọlọ́run. Ọjọ́ keje rèé tí wọ́n ti la inú Músù, ológbò mi. Ó ń jẹun, kò bì, ó ti yàgbẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, ikùn rẹ̀ sì rọ̀ nígbà tí dókítà tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ yìí. Ọjọ́ kẹta sí ìkarùn-ún ni wọ́n ní kí n ṣọ́ jù, torí ìgbà yẹn ni ibi tí wọ́n rán nínú ìfun lè jò. A ti kọjá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń béèrè látọjọ́ yìí, ìdí tí mi ò fi dáhùn nìyẹn. Mo ń dúró de ọjọ́ karùn-ún.

Ẹ ti mọ̀ pé òwú ló gbé mì, òwú aláwọ̀ ewé ti aṣọ ẹbí yẹn. Nígbà tí dókítà kó o jáde, mo na án sórí tábìlì, mo fi téèpù mi wọ̀n ọ́n: ínṣì 31. Gígé lásán ni, èyí tí a máa ń já sílẹ̀ lábẹ́ maṣíìnì láìwẹ̀yìn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé kì í ṣe gbígbé tí ológbò gbé òwú mì ló ń pa á. Òwú tó bá ṣù pọ̀ lè bá ìgbẹ́ jáde. Ibi tí orí kan rẹ̀ bá ti há ni ewu wà. Lára ológbò, abẹ́ ahọ́n ló sábà máa ń há sí: àárín òwú á lọ́ mọ́ ìdí ahọ́n, orí méjèèjì á gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé. Bí kò bá há síbẹ̀, á há sí ẹnu ibi tí agbẹ̀du ti ń da oúnjẹ sínú ìfun. Ìfun ò mọ̀ pé ohun tó wà nínú òun ti so mọ́ nǹkan lókè. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa ti nǹkan lọ sísàlẹ̀. Á tì í títí, òwú ò ní lọ, ìfun fúnra rẹ̀ ni yóò wá máa gun òwú bọ̀ wá sókè. Ẹ̀yin tí ẹ ń rán ṣòkòtò, ẹ mọ bí aṣọ ṣe ń súnkì tí ẹ bá di orí okùn kan mú, tí ẹ wá ń ti ojú okùn náà sí i. Bí ìfun ṣe ń ká jọ nìyẹn. Nígbà tó bá ká jọ tán, òwú tó le tantan láàárín rẹ̀ á máa rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìfun bí ayùn, gbogbo ìgbà tí ìfun bá sún. Bó bá rẹ́ ẹ já, ìdọ̀tí inú ìfun á dà sínú ikùn, kòkòrò á wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹranko náà lè má lo ọjọ́ méjì sí i.

Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ kí gbogbo yín bá mi kí ọmọ iṣẹ́ mi, èyí kékeré.

Nígbà tí a rí òwú náà lábẹ́ ahọ́n, àgbà kan nínú ilé ti fi àtàǹpàkò àti ìka mú orí rẹ̀. Mo rí i bó ṣe na, tí itọ́ ń kán lára rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ n fà á yọ, kí wàhálà tán." Ọmọ yẹn, tí kì í lè wo ojú àgbà, tí ẹ mọ̀ pé ohùn rẹ̀ kì í jáde ní ṣọ́ọ̀bù, kúnlẹ̀, ó sì di ọrùn ọwọ́ wọn mú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, ẹ má fà á. Á ká ìfun rẹ̀ jọ bí ìgbà tí a fa okùn ṣòkòtò." Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un lórí fóònù ni, kò tíì tó ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n ní kó tú ọwọ́ àwọn sílẹ̀. Kò tú u. Ojú rẹ̀ ń da omi, kò sì tú u títí wọ́n fi jọ̀wọ́ òwú náà.

Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ pé ibi méjì ni òwú ti rẹ́ ìfun débi tó kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ká ní ọwọ́ yẹn fà á, yóò já níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wá ń lọ káàkiri sọ pé ọmọ náà ò lẹ́kọ̀ọ́, pé ó di ọwọ́ àgbà mú: lórí ìkúnlẹ̀ ló ti dì í mú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó bí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń wo abẹ́ ahọ́n, torí ẹni mẹ́rin ló ti bi mí. Ẹ fi táwẹ̀lì wé ológbò náà, kí orí rẹ̀ nìkan yọ, kí ẹnì kan dì í mú. Ẹnì kejì á fi ọwọ́ kan mú orí rẹ̀ láti òkè, ní egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, á yí imú rẹ̀ sókè. Á wá fi ìka ọwọ́ kejì tẹ àwọn eyín wẹ́wẹ́ tó wà níwájú nísàlẹ̀, ẹnu á ṣí. Àtàǹpàkò ọwọ́ yẹn kan náà ni kó fi ti abẹ́ àgbọ̀n sókè láti ìta, ní àárín egungun méjèèjì, níbi tó rọ̀. Bí ẹ bá tì í, ahọ́n á gbé sókè, ẹ ó rí abẹ́ rẹ̀ kedere. Ẹ tan iná fóònù sí i. Òwú tó bá ti lò tó ọjọ́ méjì lè má hàn bí òwú mọ́; ẹran á ti wú bò ó, ìlà pupa kan tàbí ibi tó ya lásán lẹ máa rí. Bí ẹ ò bá sì rí nǹkan kan, ìyẹn ò ní kó máà sí nínú agbẹ̀du.

Bí ẹ bá rí i lẹ́nu, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá rí i tó ń yọ nídìí, ẹ má fà á níbẹ̀ náà, torí ẹ ò mọ ibi tí orí kejì wà. Tó bá gùn débi tó ń wọ́lẹ̀, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé ibi tó gùn, kí ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù tí dókítà yóò rí.

Ọ̀rọ̀ epo pupa wá ńkọ́. Èèyàn mẹ́ta ló gbé epo wá fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n epo tí a bá rọ́ sí ológbò tó ń bì lẹ́nu, ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, á wá di àìsàn méjì. Omi iyọ̀ burú jù ú lọ; iyọ̀ àpọ̀jù nìkan tó láti pa ẹran kékeré. Mílíìkì náà ò wúlò. Ẹ má sì fipá mú un bì nílé. Bó bá jẹ́ pé kò tíì ju wákàtí kan tàbí méjì lọ tó gbé e, dókítà ní abẹ́rẹ́ tó lè fi mú un bì, ìyẹn bí kò bá há sábẹ́ ahọ́n, tí kò sì ní abẹ́rẹ́ ìránṣọ lórí.

Àwọn àmì tí Músù fi hàn nìyí: ó bì oúnjẹ àárọ̀, ó bì omi lọ́sàn-án, ó ń dá itọ́, ó ń fi ọwọ́ nu ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó wá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ká ara rẹ̀ jọ bí ẹni tí inú ń run, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan ikùn òun. Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ayé ló ń bá a jà, tàbí pé ológbò tó bá sá pamọ́ ti gbọ́ ìpè àjẹ́, ẹ dákun, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀ síwájú ẹni tí ẹran rẹ̀ ń kú lọ. Ológbò tó bá ń jẹ̀rora sábà máa ń sá pamọ́. Ológbò tó bá bì lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ kan tí kò sì fẹ́ jẹun, ọ̀dọ̀ dókítà ni. Ẹ má dúró di ọjọ́ kẹta, torí ológbò tí kò bá jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rá inú ara rẹ̀ á lọ bo ẹ̀dọ̀, ìyẹn náà ń pa á.

Páálí Indomie tí a lu ihò sí lára la fi gbé e wọ Máíkírà. Dókítà fa omi sí i lára ná, nítorí ara rẹ̀ ti gbẹ. Bí ẹ bá fa awọ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ sókè, kì í tètè padà sílẹ̀. Wọ́n ya x-ray. Ẹ jọ̀ọ́, òwú kì í hàn lára x-ray, irin abẹ́rẹ́ ló ń hàn. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí ìfun ṣe ká jọ sójú kan, tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ wá dúró kékeré kékeré bí àmì kọ́mà. Nígbà tí oorun gbé e lọ, abẹ́ ahọ́n ni wọ́n ti kọ́kọ́ gé òwú náà, kí ìfun lè tú ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n la agbẹ̀du, wọ́n sì la ìfun níbi mẹ́ta. Mo béèrè ìdí tí kò fi lè jẹ́ ojú kan. Wọ́n ní bí a bá fa òwú gígùn gba ojú kan ṣoṣo, yóò máa rẹ́ ìfun bó ṣe ń bọ̀. Wọ́n ní láti máa gé e ní kúkúrú kúkúrú. Iná lọ lẹ́ẹ̀kan, jẹnẹrétọ̀ gbà á. Dókítà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Àjọ tí mo kó lọ́sẹ̀ yẹn ló san owó náà. Ẹ̀yin tí ẹ ní owó yẹn ì bá ra ológbò mẹ́wàá, mo gbọ́ yín. Músù kì í ṣe mẹ́wàá.

Ní Ìbàdàn níbí, ẹ má sọ pé ẹ ò mọ ibi tí ẹ lè gbé ẹran lọ. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn ẹranko tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà ẹranko. Ẹ kọ nọ́ńbà dókítà kan sílẹ̀ lónìí, kí ẹ tó nílò rẹ̀.

Ẹ̀yin aránṣọ ẹlẹgbẹ́ mi, ológbò kì í lè tu òwú dànù bí ajá. Ẹ fọwọ́ ra ahọ́n rẹ̀: ó ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó dojú kọ ọ̀fun, ohun tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, inú ló ń lọ. Ìdí nìyẹn tí òwú fi máa ń fa abẹ́rẹ́ wọlé tẹ̀lé ara rẹ̀. Ẹ ra ike tó ní ìdérí fún gígé òwú, ẹ gbálẹ̀ kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́. Nínú ilé, ẹ ṣọ́ òwú wúlù tí ẹ fi ń hun fìlà ọmọ, òwú irun, atáṣímẹ́ǹtì, rọ́bà owó, okùn ẹnu àpò ìrẹsì, wajawaja etí aṣọ òfì, àti ìko tí wọ́n tú lára adìrẹ. Okùn tí wọ́n fi di ẹran ló burú jù, torí ó ń rùn bí oúnjẹ.

Kí n tó gbàgbé: parasítámọ̀. Ẹnì kan ní kí n lọ ìdajì fún un nítorí ìrora. Hóró kan ṣoṣo lè pa ológbò, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò ní ohun tó ń tú u. Ẹ̀jẹ̀ á dúdú, kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Káńfọ̀ inú àpótí aṣọ àti oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin náà ò dára fún un.

Ní báyìí, ṣíbí ìjẹun kan igbáàyà adìẹ bíbọ̀ ni mò ń fún un lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, kò sí iyọ̀, kò sí ata, kò sí àlùbọ́sà. Ohun tí wọ́n fi sí i lọ́rùn bí àrọ ṣì wà níbẹ̀ kó má bàa lá ojú abẹ. Òwú tí wọ́n fi rán ìta ikùn rẹ̀ máa kúrò láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ní òun máa gbé e dání lọ́jọ́ náà, mo sì ti ní kó má wá ṣiṣẹ́.