Ara ń fu màmá

Sátidé tó kọjá mo kúrò n'Ífẹ̀ lọ kí ìyá mi àgbà n'Íléṣà, wọ́n ṣì ń ta epo pupa lọ́jà Àtàkúnmọ́sà bí wọ́n ṣe dàgbà tó yẹn. Ibi tá a jókòó sí ni ọkùnrin kan ti gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà dé, owó tó pè é wálẹ̀ gan-an, ni mo bá ń ṣẹ́jú sí màmá pé kí wọ́n gbà á, màmá kàn ní, "Rárá o, ara ń fu mí." Wọn ò tiẹ̀ ṣí i wò. Títí di báyìí a ò mọ̀ bóyá epo gidi ni, ó dẹ̀ ṣì ń dùn mí.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé mo ti ń ka nípa Pọ̀fẹ́sọ̀ Sarah Garfinkel tó wà ní University College London, bí ara ṣe ń bá ọpọlọ sọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀. Àwa rò pé ọpọlọ ló ń pàṣẹ tí ara á kàn máa jẹ́ "yẹ́sà". Irọ́ ni jàre. Iṣan kan wà tí wọ́n ń pè ní vagus, ó ti ọpọlọ gba ọrùn dé ọkàn, dé ẹ̀dọ̀fóró, dé ìfun, tá a bá mú 100 lára àwọn fọ́nrán tó wà nínú ẹ̀, bíi 80 ló jẹ́ pé ìròyìn ni wọ́n ń gbé látìsàlẹ̀ lọ sókè. Inú ń bí mi, àyà mi já, ara ń fu mí, kò séyìí tí Yorùbá dárúkọ ọpọlọ sí níbẹ̀.

Lọ́dún 2016, Garfinkel àtàwọn kan gbé iṣẹ́ kan jáde lórí àwọn trader ní London, àwọn tó ń fowó olówó ṣòwò lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní káwọn trader yẹn ka iye ìgbà tí ọkàn wọn lù láì fọwọ́ kan ara. Wọ́n mọ̀ ọ́n kà ju àwọn tí kì í ṣe trader lọ, àwọn tó dẹ̀ mọ̀ ọ́n kà dáadáa nínú wọn ló ń jèrè jù, àwọn náà ló ń pẹ́ nídìí iṣẹ́ ọ̀hún.

Mo bá ní ká dán an wò. Ọmọ àǹtí mi di ọrùn ọwọ́ wa mú, ó ń wo fóònù, ìṣẹ́jú àáyá 35. Èmi ka 22, ó ní 44 ni, èmi tí mo ti fọwọ́ sọ̀yà! (Garfinkel ti ní ọ̀tọ̀ ni kéèyàn mọ̀ ọ́n, ọ̀tọ̀ ni kó rò pé òun mọ̀ ọ́n.) Màmá ka 38, 40 ló jẹ́. Àwọn onísáyẹ́ǹsì kan ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìdánwò yìí ṣá, wọ́n ní èèyàn lè fojú bù ú, àmọ́ màmá mi ò mọ iye tó yẹ kí ọkàn lù, kí ni wọ́n fẹ́ fojú bù?

Mo wá ròyìn àwọn trader yẹn fún wọn.

"Kí ni wọ́n ń tà?"

"Owó ni, mà."

"Owó ni wọ́n ń tà? Ta ló wá ń rà á?" Màmá fa ìborùn wọn. "Ara fu mí sí wọn."