Ẹ Jókòó Síwájú Alásè: Ohun Tí Mo Kọ́ Nílé Ọtí Ẹlẹ́ja ní Jàpáànù

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ izakaya, ìyẹn ilé ọtí àwọn ará Jàpáànù tí wọ́n ti ń jẹun dáadáa, ìjà ló kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀. Mi ò tíì sọ ohun tí mo fẹ́ jẹ tí wọ́n fi gbé àwo kékeré kan síwájú mi, ewé òkun àti ẹja wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Mo rò pé wọ́n fi ṣe mí lálejò ni. Àfi bí mo ṣe fẹ́ sanwó tí mo rí 400 yẹ́nì lórí rẹ̀. Mo ní mi ò béèrè, mi ò sì ní san. Ọmọkùnrin tó ń gbowó tẹrí ba títí, ó ní kò burú.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ṣàlàyé pé otoshi nìyẹn. Owó ìjókòó ni, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó ló ń san án, ó sábà máa ń tó 300 sí 500 yẹ́nì. Ojú tì mí. Mo padà lọ san án.

Ẹ má sá sí kọ̀rọ̀ bí mo ti ṣe nígbà yẹn. Ẹ jókòó sídìí pákó gbọọrọ tó dojú kọ alásè, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó máa dámọ̀ràn fún yín lónìí: “Kyō no osusume wa?” Bí ẹ bá rí 時価 níbi tó yẹ kí iye owó wà, ẹ béèrè kí ẹ tó gbà. Jika ni wọ́n ń pè é, iye tí ẹja náà bá ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ yẹn ni ẹ máa san. Akàn kan ṣoṣo ló gba owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi.

Ìlú Kochi, ní erékùṣù Shikoku, ni ìbẹ̀rù jíjẹ ẹja tí wọn ò sè jinná ti kúrò lára mi. Katsuo, ìbátan ẹja tùnà, ni wọ́n fi ń yangàn níbẹ̀. Alásè kó koríko ìrẹsì gbígbẹ sínú ààrò, ó ṣáná sí i, iná sọ gẹ̀rẹ̀ sókè. Ó na ẹja náà sínú iná, ó yí i padà, ó yọ ọ́. Kò pẹ́ rárá. Ẹ̀yìn rẹ̀ jó dúdú, inú rẹ̀ ṣì pupa. Ó gé e nípọn bí ìka, ó wọ́n iyọ̀ sí i, ó to aáyù tútù lé e. Òórùn èéfín yẹn rán mi létí ìgbà tí wọ́n bá ń sun oko nílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá lè yan àsìkò, ẹ lọ ní oṣù kẹwàá, ọ̀rá ti kún ara ẹja náà nígbà yẹn ju ti ìgbà ìrúwé lọ.

Ẹ má fi igi méjì tí wọ́n fi ń jẹun gbé ẹja bọ́ sórí igi ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣa egungun òkú tí wọ́n ti sun. Mo ṣe é fún ọ̀gá mi, gbogbo tábìlì dákẹ́. Ní ti ọtí, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì bu fún àgbà. Ìyẹn kò ṣàjèjì sí wa.

Ní báyìí, otoshi ni mo kọ́kọ́ ń fara balẹ̀ tọ́ wò. Bó bá dùn, mo máa ń pẹ́ níbẹ̀. Bí kò bá dùn, ife kan ni mo máa mu, màá sanwó mi, màá sì jáde.