Ìṣirò SPADI fún èjìká tó ń dunni: ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé

Fọ́tò X-ray ò lè sọ fún wa bóyá ẹni tí èjìká ń dùn rí ẹ̀yìn ara rẹ̀ fọ̀ ní balùwẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń lo fọ́ọ̀mù tí aláìsàn ń fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni SPADI (Shoulder Pain and Disability Index), fọ́ọ̀mù tó ń wọn ìrora èjìká àti ìnira rẹ̀, tó jáde ní 1991. Ìbéèrè 13 péré ni: 5 lórí ìrora, 8 lórí iṣẹ́ tó ń ni apá lára. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 10, ọ̀sẹ̀ kan tó kọjá nìkan ló sì kàn.

Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, ẹ kà á sí i létí, ẹ má bù mọ́ ọn, ẹ má sì yọ níbẹ̀: "Nínú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, báwo ni ìrora náà ṣe pọ̀ tó tí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn yín dùbúlẹ̀?" Kó kọ́kọ́ yé wọn pé 0 ni kò dùn rárá, 10 sì ni ìrora tó burú jù tí èèyàn lè rò. Ọmọ tó sin màmá wá kò gbọ́dọ̀ bá wọn dáhùn. Àwọn àgbà wa kì í sì í fẹ́ já ẹni tó ń tọ́jú wọn kulẹ̀. Wọ́n á ti ní "ó ti fúyẹ́, a dúpẹ́" kí wọ́n tó gbọ́ ìbéèrè tán. Tó bá ṣeé ṣe, kí ẹlòmíràn bá wọn kún un.

Ìbéèrè tó ń fa wàhálà jù ni ti yíyọ nǹkan nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Ìyá tó ń ró ìró lójoojúmọ́ kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá wá kọ 0 síbẹ̀, irọ́ lẹ kọ, nítorí 0 ń sọ pé apá ń ṣe é láìsí ìnira kankan. Ẹ má sì fi gèlè wíwé rọ́pò rẹ̀. Lóòótọ́, gèlè máa ń tú àṣírí èjìká dáadáa, ṣùgbọ́n inú ìwé àkọsílẹ̀ yín ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ sàmì pé ìbéèrè náà kò kàn wọ́n, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Tí èyí tí ẹ yọ bá ju 2 lọ, ẹ má ṣírò rárá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan. Ìrora: 8, 9, 6, 5, 4, àpapọ̀ 32 nínú 50, ìyẹn 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ apá, ìbéèrè 7 tó ní ìdáhùn: 6, 7, 5, 3, 2, 7, 5, àpapọ̀ 35. Orí 70 lẹ máa gbé e lé, kì í ṣe 80, ó sì jẹ́ 50. Ẹ ro 64 pọ̀ mọ́ 50, ẹ pín in sí méjì: 57. Àwọn kan máa ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n gbé e lé 120. Wọ́n á rí nǹkan bíi 56. Ìyàtọ̀ yẹn kéré níbí, ṣùgbọ́n kì í kéré nígbà gbogbo, ẹni tó bá sì ń pa ọ̀nà méjèèjì pọ̀ lórí aláìsàn kan ṣoṣo ti ba àkọsílẹ̀ jẹ́.

Tí 57 bá di 52 lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ má tíì yọ̀. Ó gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ tó nǹkan bíi 8 sí 13 kó tó jẹ́ ìyàtọ̀ tí aláìsàn á mọ̀ lára.

Ẹ tún ṣọ́ ibi tí nọ́ńbà kọjú sí. Ní SPADI àti DASH (Disabilities of the Arm, Shoulder and Hand), fọ́ọ̀mù mìíràn tó wà fún gbogbo apá àti ọwọ́, 100 ló burú jù. Oxford Shoulder Score, fọ́ọ̀mù èjìká mìíràn tó jáde ní 1996 pẹ̀lú ìbéèrè 12, máa ń lọ láti 12 dé 60 níbẹ̀rẹ̀, 60 ló sì burú jù. Nígbà tó yá, wọ́n yí i sí 0 dé 48, 48 sì di èyí tó dára jù. Ẹni tó bá kọ "Oxford 40" láìsọ èyí tó lò kò sọ nǹkan kan: 40 ti àtijọ́ jẹ́ 20 péré nínú ti ìsinsìnyí. Ọ̀sẹ̀ 4 tó kọjá ni Oxford ń bi èèyàn nípa rẹ̀, nítorí náà ẹ má gbé e fún ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ọ̀sẹ̀ 2 sẹ́yìn. Á pa ìrora àná pọ̀ mọ́ ti òní.

Ti DASH, tó ní ìbéèrè 30, kì í bìkítà nípa ọwọ́ tí èèyàn fi ṣe iṣẹ́. Ẹni tí èjìká òsì ń dùn, tó ti kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀tún ṣe gbogbo nǹkan, lè gba máàkì tó dára gan-an nígbà tí èjìká náà ò tíì kúrò lójú kan. Tó bá jẹ́ èjìká yẹn gan-an lẹ fẹ́ tọ ipa rẹ̀, SPADI tàbí Oxford ni kí ẹ mú.