Ẹyẹ tó ń súfèé lóru

Sátidé, alẹ́.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan kan ti ń súfèé kọjá lórí òrùlé wa lóru. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni yóò sú u léraléra, fíì-fíì-fíù, á sì dákẹ́. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó bá súfèé lóru, ejò ló ń pè wọlé, torí náà ọkàn mi ò balẹ̀. Lánàá ni mo bi Bàbá ọlọ́dẹ wa. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Tóbi, ẹ má da ara yín láàmú. Pẹ́pẹ́yẹ odò ni. Oúnjẹ ni wọ́n ń wá lọ."

Pẹ́pẹ́yẹ kẹ̀? Èyí tí mo mọ̀ lágboolé ìyá mi, kó máa mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀ kó sì máa jùdí ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Ni mo bá tẹ̀lé àbúrò mi lọ sí IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn, láàárọ̀ yìí, a lọ dúró létí adágún wọn. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́! Wọ́n á tó ogójì, wọ́n nàró sórí ẹrẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó wà lórí ìlà. Ọrùn gùn, ẹsẹ̀ gùn, ara ò tóbi. Ojú wọn funfun báláú bíi pé wọ́n fi ẹfun kùn ún, ẹ̀yìn orí dúdú, àyà pupa rúsúrúsú, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sì wà légbẹ̀ẹ́ ara bíi ti aṣọ òfì. Mo wò wọ́n títí, mi ò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Ọ̀sán ni wọ́n fi ń sinmi. Tílẹ̀ bá ṣú, wọ́n á wá èso koríko àti kòkòrò inú omi lọ, wọ́n á sì yà sóko ìrẹsì bí wọ́n bá rí i.

Méjì kan wà nítòsí wa. Ọ̀kan ti ẹnu bọ abẹ́ àgbọ̀n èkejì, ó ń tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀. Èkejì na ọrùn sókè, ó dijú, bí ẹni tí wọ́n ń bá wá iná lórí. Nígbà tó yá, wọ́n pààrọ̀.

Lọ́dún 1766 ni Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó sọ ọ̀pọ̀ ẹranko àti ewéko lórúkọ, fún ẹyẹ yìí ní orúkọ Látìn rẹ̀, viduata, ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ opó, torí funfun àti dúdú orí rẹ̀ jọ aṣọ ọ̀fọ̀. Orúkọ náà ń bí mi nínú díẹ̀. Tọkọtaya ni wọ́n, wọn kì í tètè fira wọn sílẹ̀, akọ sì ń bá abo sàba lé ẹyin fún bí ọjọ́ 26 sí 28. Opó wo ni ọkọ rẹ̀ ń bá a sàba? Àwọn ará Brazil, tí wọ́n ní ẹyẹ yìí kan náà lọ́dọ̀ wọn, irerê ni wọ́n ń pè é, bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dún gan-an. Àwọn yẹn tẹ́tí sí i kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Aago mọ́kànlá ku díẹ̀ báyìí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, Tóbi sì ti ń súfèé dá wọn lóhùn láti yàrá rẹ̀. Ó yẹ kí n bá a wí.