Ọ̀kadà tó forí gbá ọkọ̀: títọ́ irin, títọ́ ọwọ́ (Adó-Èkìtì)

Bajaj Boxer ni, oní-họ́ọ̀bù (irin àárín táyà tí búréèkì wà nínú rẹ̀) níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ kan já láti ẹsẹ̀ ọ̀nà bọ́ sójú títì, ọ̀kadà sì forí sọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tó hàn sójú kò pọ̀: iná iwájú fọ́, mọ́gáàdì ya, háńdù wọ́, wáyà kílọ́ọ̀ṣì já. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń gùn ún kán. Iṣẹ́ di méjì: irin wà láti tọ́, ọwọ́ sì wà láti dá padà sídìí búréèkì.

A ti fẹnu kò láti ìbẹ̀rẹ̀ pé a kò ní ra iná, a kò sì ní kun ọ̀dà, títí a ó fi mọ̀ bóyá táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn ṣì wà lójú ìlà kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà tí wọ́n kùn lẹ́yìn ìjàm̀bá ló ń dán bíi tuntun, ṣùgbọ́n dúró sẹ́yìn wọn lójú ọ̀nà Ìyìn, wàá rí i pé bí akàn ni wọ́n ń rìn. Táyà ẹ̀yìn ń tọ ọ̀nà tirẹ̀, ti iwájú ń tọ tirẹ̀. Apá ẹni tó ń gùn ún ló ń jẹ ìyà yẹn lójoojúmọ́, kò sì ní mọ ohun tó ń ṣe òun.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: okùn bíríkìlà

Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú ni kí a lò. A gbé ọ̀kadà sórí sítáńdì ńlá, a mú okùn bíríkìlà, a fi yí ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn ká, a wá fa apá méjèèjì síwájú kọjá táyà iwájú, a so wọ́n mọ́ búlọ́ọ̀kù méjì. Ibi tí okùn ń gbà kò gbọdọ̀ kan sítáńdì tàbí sàléńsà. Tó bá kàn án, irọ́ ni yóò máa pa. A sún búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀ títí okùn fi fara kan etí ẹ̀yìn àti etí iwájú táyà ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì, láìtẹ̀ nítorí rẹ̀.

Táyà ẹ̀yìn jẹ́ 3.00-17, ti iwájú jẹ́ 2.75-17. Ìdá mẹ́rin íńṣì kan ni ti ẹ̀yìn fi fẹ̀ jù, ìyẹn nǹkan bíi mílímítà 6. Bí ohun gbogbo bá tọ́, àlàfo mílímítà 3 ló yẹ kó wà láàárín okùn àti táyà iwájú ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a kọ́kọ́ rí: òsì mílímítà 11, lọ́tùn-ún táyà ti ti okùn síta.

Kí a má tíì dá ṣáàsíì lẹ́bi. A wo àmì tó wà níbi tí wọ́n ti ń fa ṣéènì. Ti òsì àti ti ọ̀tún kò dọ́gba, àmì kan gbáko ni wọ́n fi yàtọ̀. Táyà ẹ̀yìn tó bá wọ́ nídìí ṣéènì máa ń jẹ́ kí iwájú dà bí ẹni pé ó ṣẹ́. A mú àmì méjèèjì dọ́gba, a tún okùn fà: òsì 5, ọ̀tún 1. Ó kù mílímítà 2 kó dé àárín, ìwọ̀n kan náà sì ni níwájú àti lẹ́yìn táyà iwájú. Ìyẹn túmọ̀ sí pé kì í ṣe pé háńdù yí lásán; táyà fúnra rẹ̀ ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ká ní àlàfo níwájú táyà yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn rẹ̀ ni, yíyí háńdù díẹ̀ ni ìbá yanjú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọrùn ṣáàsíì, níbi tí páìpù ńlá ti pàdé ibi tí háńdù ń gbà yí. A fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ọ́ títí irin fi hàn, a tan iná fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ohun tí à ń wá ni ọ̀dà tó sán wẹ́wẹ́, irin tó wúnjọ bí awọ àgbàlagbà, tàbí ojú wẹ́dì tó la. Kò sí ọ̀kankan níbẹ̀. Bí ó bá ti wúnjọ ni, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ìbá parí sí, nítorí gbogbo agbára búréèkì iwájú ọrùn yẹn ló ń gbà á. Wẹ́dà ẹ̀bá títì lè lẹ̀ ẹ́ kó dúró, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá fa búréèkì gidi ni yóò là.

Ọ̀sẹ̀ kejì: páìpù ṣọ́ọ̀kù

Ibí yìí ni ìjàm̀bá fara pamọ́ sí. A tú táyà, a tú mọ́gáàdì, a dẹ bóòtì tó di páìpù ṣọ́ọ̀kù iwájú méjèèjì mú, a fà wọ́n jáde láti ìsàlẹ̀. A tẹ́ gíláàsì fèrèsé sórí tábìlì, a yí páìpù kọ̀ọ̀kan lé e lórí bí ẹni ń yí igi ìyẹ̀fun. Ti ọ̀tún ń yí ṣẹ́ẹ́. Ti òsì ń mì, ó ń kan, ó ń dìde, ìmọ́lẹ̀ sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí kò ní irin ìdíwọ̀n lè lo bébà: ewé bébà fọ́tókọ́pì kan nípọn tó nǹkan bíi mílímítà 0.1. Bí ewé méjì tí a gbé léra bá wọ abẹ́ páìpù níbi tó ti ga jù, ó ti kọjá 0.2, páìpù náà ti kúrò lójú iṣẹ́. Ewé mẹ́rin wọ abẹ́ tiwa. Ibi tó ti tẹ̀ sì ni ibi tó máa ń tẹ̀ sí jù, díẹ̀ sísàlẹ̀ irin tó di í mú nísàlẹ̀. Bí páìpù bá wà nínú irin yẹn, ojú kì í rí i.

Àwọn kan á ní kí a gbé e lọ kí wọ́n fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ padà. A kò ṣe é, a kò sì ní gbà ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó ṣe é. Ara dídán tó wà lórí páìpù máa ń sán nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ padà. Ipata á gba ibẹ̀ wọlé, ojú á rí gbágungbàgun, á sì máa ha síìlì. Láàárín oṣù díẹ̀ ọ́ìlì á máa ṣàn bọ́ sórí họ́ọ̀bù, tí búréèkì wà nínú rẹ̀. Páìpù òsì tuntun ni a rà, síìlì tuntun fún méjèèjì.

Ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kù 10W ni a lò, iye tó wà nínú ìwé ọ̀kadà, a fi síríńjì wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ́kù nínú gálọ̀nù. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì 40 ti ki jù. Ṣọ́ọ̀kù á le gan-an, táyà á máa fò lórí gálọ́ọ̀pù dípò kó máa tẹ̀lé ilẹ̀. Kí o tó dá sípíríńgì padà, ti páìpù wálẹ̀ pátápátá, fi rúlà wọn ibi tí ojú ọ́ìlì dé láti ẹnu páìpù. Ọ̀tún àti òsì gbọ́dọ̀ bára mu.

Bí a ṣe ń dì í padà ṣe pàtàkì ju bí a ṣe tú u lọ. Fi ọwọ́ lásán mú gbogbo bóòtì, má tíì fi sípánà sí i. Gbé ọ̀kadà bọ́ sílẹ̀, tẹ háńdù wálẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà kí páìpù méjèèjì lè wá àyè ara wọn. Kọ́kọ́ mú irin àárín táyà le, kí bóòtì ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé e, tòkè kó kẹ́yìn. Ẹni tó bá ti òkè bẹ̀rẹ̀ á ti de ìwọ́ mọ́nú rẹ̀, á sì tún pe ọ̀kadà ní ọ̀kadà burúkú.

A tún okùn fà: òsì 3, ọ̀tún 3.

Bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ inú ọrùn náà lọ. Nígbà tí a gbé iwájú sókè, tí a rọra yí háńdù, ó ń kọ́ nígbà tó bá dé àárín, bí ilẹ̀kùn tó bọ́ sínú kọ́kọ́rọ́. Bọ́ọ̀lù ló gún ojú irin nígbà ìkọlù. Ọ̀kadà tó bá ń kọ́ báyìí kì í lè lọ tààrà, ńṣe ló máa ń yọ sọ́tùn-ún, yọ sósì. A ka bọ́ọ̀lù tó jáde lókè àti nísàlẹ̀ kí a lè dá iye kan náà padà, a ra ojú irin àti bọ́ọ̀lù lódindi, a fi gírísì kún un. A kọ́kọ́ mú un le jù. Lórí eré kékeré ọ̀kadà ń fì bí ẹni mu ẹmu yó. A dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ títí háńdù fi lè ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀ nígbà tí táyà wà lókè, tí kò sì dún “kọ̀” nígbà tí a fa ṣọ́ọ̀kù síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn kìlómítà 15 bọ́ọ̀lù ti jókòó, ó tún dẹ̀. A mú un le lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: ríìmù àti búréèkì

Sípóòkù méjì já. A fi irin tín-ínrín so mọ́ ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kù kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ríìmù, a yí táyà, a wo ibi tó ti ń kàn. Ríìmù kò gbọdọ̀ fì ju mílímítà 2 lọ, yálà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí sókè. Ìdá mẹ́rin yíyí kan ṣoṣo ni kí o máa yí sípóòkù lẹ́ẹ̀kan, kí o tún táyà yí wò. Fi sípánà kékeré lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó le á dún bí agogo, èyí tó dẹ̀ á dún gbú. Gé ẹnu èyí tó bá yọ sínú ríìmù, kó má lu túúbù.

Ṣúù búréèkì iwájú kò tíì jẹ dé mílímítà 2, a fi sáńpépà ha ojú rẹ̀ nìkan. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í wò ni apá kékeré tí wáyà ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́ọ̀bù. Nígbà tí búréèkì bá di mú dáadáa, apá yẹn àti wáyà kò gbọdọ̀ kọjá igun 90. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, bí ọwọ́ ṣe ń fa tó ni agbára ń dín kù, nítorí wáyà kò fa apá náà yí dáadáa mọ́. Ṣúù ti jẹ tán nìyẹn, tàbí ẹnì kan ti fi apá sí eyín tí kì í ṣe tirẹ̀. Tiwa jẹ́ eyín kan sẹ́yìn. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹnu búréèkì (orí irin tí ìka ń fà) ń rìn mílímítà 25 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í di mú.

Àṣíborí tó lu ilẹ̀ kò tún padà sórí. Fóòmù líle inú rẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ló ń fún pọ̀, bí ẹyin tó fọ́. Ara rẹ̀ lè máa dán síbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí FRSC (àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó) bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin àṣíborí le, àwọn ọlọ́kadà kan ń dé igbá. Àṣíborí tí fóòmù rẹ̀ ti fún pọ̀ àti igbá, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ọwọ́

Lọ́dọ̀ wa àwọn teguntẹgun (àwọn tó ń to eegun tó kán) pọ̀, ọ̀pọ̀ sì mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ya X-ray. Bí wọ́n bá ti di ọwọ́ tán, tí ìka tutù, tó kú tipiri, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ìdè ti le jù, ẹ̀jẹ̀ kò kọjá. Tú u kíá, kí o sì dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ìka ń kú lóòótọ́.

Ìgbà tí dókítà gbà kí ọwọ́ máa ṣiṣẹ́ ni ìdánrawò bẹ̀rẹ̀: aṣọ ìnura kékeré tí a ká, kí a fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ìgbà mẹ́ta lójúmọ́. Ohun méjì ni a fi mọ̀ pé ó tó gun ọ̀kadà. Èkíní, kó fi ìka méjì fa búréèkì dé òpin ní àádọ́ta ìgbà láìsí ìrora, kí ọ̀kadà wà lórí sítáńdì. Èkejì, kó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ògiri pẹ̀lú gbogbo ara. Èkejì yìí ni wọ́n ń gbàgbé. Nígbà tí búréèkì bá di mú, gbogbo ìwúwo ara ń ya sórí àtẹ́lẹwọ́, ọrùn ọwọ́ tí kò tíì le á sì tẹ̀ láàárín ìdúró òjijì.

Àwọn Sátidé lórí pápá

Títì kékeré tí kò sí ọkọ̀, pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ike omi tí a bu yanrìn sí ni àmì.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ń bẹ̀rù búréèkì iwájú, wọ́n ní ó ń dojú èèyàn délẹ̀. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá já a gbà lójijì, bí háńdù bá yí, tàbí lórí òkúta wẹ́wẹ́. Lórí títì gbígbẹ, òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́. Ìka méjì á kọ́kọ́ gba dídẹ̀ wáyà tán, á dúró títí ṣọ́ọ̀kù á fi wálẹ̀ díẹ̀, ìgbà yẹn ni á wá fún un, bí ẹni ń fún ọsàn sẹ́nu. Táyà iwájú tó ti rù ìwúwo kì í tètè yọ̀.

Láti eré kìlómítà 30 ní wákàtí kan, ẹsẹ̀ nìkan: mítà 12 kó tó dúró, táyà ẹ̀yìn sì ń wọ́. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pọ̀, Sátidé àkọ́kọ́: 9. Sátidé kẹta: 7. Lórí erùpẹ̀ pupa, 12 sí 13 ni, bó ti wù kí a ṣe é tó, nítorí náà eré ni kí a dín kù níbẹ̀. Mítà wọ̀nyí kò ka ìgbà tí ojú rí ewu tí ọwọ́ kò tíì gbọ́. Lórí eré kìlómítà 40 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá kan péré jẹ́ mítà 11. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí búréèkì ń jẹ kó tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin.

Yíyẹ̀: ti ọwọ́ ọ̀tún háńdù síwájú, ọ̀kadà á tẹ̀ sọ́tùn-ún. Ó dà bí ẹni pé ó lòdì, àfi tí o bá fara mọ̀ ọ́n lórí ike tó jìnnà sí ara wọn ní mítà 3. Má wo ike, wo àlàfo. Ojú ni ọ̀kadà ń tẹ̀ lé.

Ọ̀nà Arámọkọ sí Ẹ̀fọ̀n Aláayè la fi dán gbogbo rẹ̀ wò, ní ọ̀sán gbígbẹ. Àṣà tó wà lórí òkè wọ̀nyí ni kí wọ́n fi jíà sí fíríì, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí epo má jó. Epo tí ó ń fi pamọ́ kò tó nǹkan, búréèkì nìkan ló sì ń ru gbogbo ẹrù. Họ́ọ̀bù á gbóná, á fẹ̀ sẹ́yìn kúrò lọ́dọ̀ ṣúù. Ojú ṣúù á gbóná débi tí kò ní di mú mọ́. Ẹnu búréèkì á sún mọ́ háńdù, òórùn jíjó á sì jáde. Ìgbà yẹn ìsàlẹ̀ òkè kò tíì dé. Jíà kejì ni a fi sọ̀ kalẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń fà á sẹ́yìn, a ń tẹ búréèkì ní kúkúrú, a sì ń tú u sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ rí i. Nísàlẹ̀, a na ẹ̀yìn ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ họ́ọ̀bù láìfọwọ́ kàn án: ooru wà, òórùn kò sí, ẹnu búréèkì sì ṣì ń rìn mílímítà 25 bíi ti òwúrọ̀.

Ní kìlómítà 200 a padà fi sípánà lu sípóòkù yí ká. Mẹ́ta dún gbú, a mú wọn le. Ṣéènì dẹ̀ dé mílímítà 40, a dá a padà sí 25, a sì wo àmì ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀mejì. Okùn: 3, 3. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a ó kun tánkì.